Ẹ Bi Wá: Ẹ́jẹ́ǹtì Ní Mi Ò Nílò Èdè Jámánì, Ṣé Kí N Sanwó?

Ẹ kú déédé àsìkò yìí o, ẹ̀yin èèyàn wa n'Ífẹ̀, n'Íléṣà, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun. Látìgbà tí ìjọba UK ti ní ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ò lè kó ìyàwó àti ọmọ dání mọ́ ní January 2024, Jámánì ni ọ̀pọ̀ yíjú sí, lẹ́tà tó ń wọlé sí wa ní Lágẹrẹ níbí, ọ̀rọ̀ Jámánì ló kún inú ẹ̀. Èmi gbé níbẹ̀, mo ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí n tó padà wálé, àwọn èèyàn mi ṣì wà níbẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe gbé ojúewé yìí lé mi lọ́wọ́ lóṣù yìí. A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú díẹ̀, a ò sì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọmọ ọdún 27, ọsibítù àdáni kan n'Íléṣà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ́jẹ́ǹtì kan ní òun á bá mi ṣe físà iṣẹ́ ní mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀, ó ní mi ò nílò èdè kankan, pé wọ́n ń wá nọ́ọ̀sì lójú méjèèjì, tí n bá débẹ̀ tán ni màá kọ́ ọ. Ó ní kí n san ìdajì kóṣù yìí tó parí, bàbá mi sì ti ń wá ẹni tó máa ra ilẹ̀ kan lọ́wọ́ wọn. Àbúrò mi ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdìrì náà lóun fẹ́ lọ. Ṣé kí n san án?" (Nọ́ọ̀sì, Ìsọ̀kun, Iléṣà)

Àbúrò mi, má san kọ́bọ̀. Jọ̀ọ́, sọ fún bàbá kí wọ́n má ta ilẹ̀ yẹn.

Wọ́n ń wá nọ́ọ̀sì ní Jámánì lóòótọ́, àwọn arúgbó wọn pọ̀, àwọn tó ń tọ́jú wọn ò sì tó. Àmọ́ gbọ́ èyí dáadáa torí ẹ́jẹ́ǹtì ẹ ò ní sọ ọ́: òfin Jámánì to orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè kan tí nọ́ọ̀sì àti dókítà ò tó àwọn gan-an, látinú ìwé WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ni wọ́n ti mú un, Nàìjíríà wà nínú ẹ̀, òfin náà sì ní kò sí ẹ́jẹ́ǹtì àdáni tó gbọ́dọ̀ wá kó òṣìṣẹ́ ìlera láti àwọn ibẹ̀ yẹn, àfi ilé iṣẹ́ ìjọba wọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, Bundesagentur für Arbeit. Torí náà ẹni tó bá ń gba mílíọ̀nù lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì n'Íléṣà pé òun á fi í síṣẹ́ ní Jámánì, ohun tí òfin Jámánì ní kó má ṣe ló ń ṣe yẹn. Ìwọ fúnra ẹ wá ńkọ́? Òfin ò dí ẹ lọ́wọ́ rárá. O lè wá ọsibítù fúnra ẹ, o lè kọ̀wé sí wọn, o lè bẹ̀rẹ̀ ìwé ẹ látorí àga tó o jókòó sí n'Ísọ̀kun yẹn, ìjọba wọn sì ní ojúlé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Make it in Germany, tó ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Bó ṣe ń lọ rèé. Ìpínlẹ̀ 16 ló wà ní Jámánì, ìpínlẹ̀ tó o bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ni wàá kó ìwé ẹ ránṣẹ́ sí kí wọ́n fi ẹ̀kọ́ tó o kọ́ wé tiwọn, Anerkennung ni wọ́n ń pè é, wàá sì gbọ́ orúkọ yẹn títí. Lọ́pọ̀ ìgbà wọ́n á kọ̀wé padà pé ibi báyìí báyìí kù díẹ̀. O lè wá ṣe ìdánwò, o sì lè ṣe kọ́ọ̀sì àti iṣẹ́ pọ̀ ní ọsibítù títí wọ́n á fi ní ó tó, ọ̀pọ̀ ló ń ṣe apá yìí ní Jámánì níbẹ̀, tí wọ́n ń gbowó bí olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Àmọ́ láìsí èdè kò sí láísẹ́ńsì, B2 ni wọ́n ń béèrè. Ìpele tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí èèyàn ṣe gbọ́ èdè tó ni, A1, A2, B1, B2 ló ń tẹ̀lé ara wọn, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tó tún ń kọ́ ọ sì máa ń lò ju ọdún kan lọ kó tó débẹ̀. Mo mọ̀ pé ó jọ ohun tó pẹ́. Ṣùgbọ́n rò ó wò, aago méjì òru, ìwọ nìkan lo wà ní wọ́ọ̀dù, ìyá arúgbó kan ń sọ ibi tó ń dùn ún fún ẹ, ó tún ń sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lábúlé wọn, kí lo fẹ́ fún un? Ẹ̀mí èèyàn ló wà lọ́wọ́ ẹ, ìdí tí wọn ò fi lè gbójú fo èdè yẹn nìyẹn.

Díẹ̀ nínú owó tó o fẹ́ kó fún ẹ́jẹ́ǹtì yẹn, fi sanwó kíláàsì. OAU n'Ífẹ̀ ń kọ́ èèyàn ní èdè Jámánì ní Department of Foreign Languages wọn, wá ẹni tó jáde níbẹ̀ kó máa kọ́ ẹ lópin ọ̀sẹ̀, Iléṣà sí Ifẹ̀ ò jìnnà. Tó o bá ti múra tán, Goethe-Institut ní Lagos, ilé ẹ̀kọ́ èdè Jámánì, ni wàá ti ṣe ìdánwò. Ní ti àbúrò ẹ, kó wádìí Ausbildung, ìyẹn kíkọ́ṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń sanwó oṣù fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ti nọ́ọ̀sì ọdún mẹ́ta ni, ní ọ̀pọ̀ ọsibítù owó oṣù ẹ̀ ju 1,000 yúrò lọ kí wọ́n tó yọ owó orí. Òun náà, èdè ló máa kọ́kọ́ bi í. B1 ó kéré tán, ọ̀pọ̀ á ní B2. Kí ẹ̀yin méjèèjì jọ bẹ̀rẹ̀ A1, ẹ máa fi bá ara yín sọ̀rọ̀ nílé.

"Ọmọ wa, mo kí ọ o. Ọmọ mi jáde ní OAU pẹ̀lú two-one, ó ti gba admission láti ṣe master's ní Jámánì, wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni. Tó bá jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ló dé tí wọ́n ní ká kó 11,904 yúrò sílẹ̀? Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ọkùnrin kan ní òun ní owó náà, pé òun á fi sí àkáǹtì lórúkọ ọmọ náà kó fi gba físà, ká kàn san mílíọ̀nù kan ààbọ̀ fún òun." (Bàbá, Modákẹ́kẹ́)

Ẹ kú ìnáwó ọmọ o, Bàbá. Olúwa á jẹ́ kẹ́ ẹ jèrè ẹ̀.

Ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́ ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba, owó sẹ̀mẹ́sítà díẹ̀ lẹ ó máa san, níbi púpọ̀ owó ọkọ̀ wà nínú ẹ̀. Àmọ́ kẹ́ ẹ wo ìpínlẹ̀ tí yunifásítì ọmọ wà o, torí ní Baden-Württemberg, akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe ọmọ EU ń san 1,500 yúrò ní sẹ̀mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan látọdún 2017, Technical University tó wà ní Munich náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lọ́wọ́ irú wọn ní 2024, ti wọn tún wọ́n ju ti Baden-Württemberg lọ.

11,904 yẹn, kì í ṣe owó tẹ́ ẹ fẹ́ san fún ìjọba, kò sì lọ síbì kankan. Owó ọmọ yín ni. Blocked account ni wọ́n ń pe àkáǹtì ẹ̀, wọ́n á tì í pa, tó bá ti dé Jámánì tó sì ti ṣètò ara ẹ̀ tán wọ́n á máa tú 992 yúrò sílẹ̀ fún un lóṣooṣù, fún ọdún kan. Oúnjẹ ẹ̀ ni, ilé ẹ̀ ni, ìńṣọ́ráǹsì ìlera ẹ̀ tó pọn dandan ni. Ìjọba wọn fẹ́ rí i dájú pé ebi ò ní pa á ni.

Ìdí tí àyà mi fi já nígbà tí mo ka ti ọkùnrin yẹn nìyẹn. Owó tó fẹ́ yá yín ló máa gbà padà o, Bàbá. 992 tó bá wọlé lóṣù, ọ̀dọ̀ tiẹ̀ ló ń lọ. Kí lọmọ máa wá fi san owó yàrá? Á máa wá iṣẹ́ kiri, òfin sì fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ 140 péré láti fi ṣiṣẹ́ lọ́dún, tàbí kó fi ìdajì ìdajì ọjọ́ ṣe é nígbà 280. Tó bá ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, páálí ẹ̀, ìwé àṣẹ tó fi ń gbé níbẹ̀, wà nínú ewu, tí kò bá sì ṣe é, kò ní rówó jẹun, kíláàsì ló máa kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Mo rí àwọn ọmọ tó mọ̀wé dáadáa tí irú gbèsè báyìí fi wọ́n sí ilé ìkẹ́rùsí lóru, tí wọ́n ń sùn lórí ìwé lọ́sàn-án, ó ń dùn mí títí dòní. Ẹ má jẹ́ kó wọ ọrùn ọmọ yín.

Ọ̀nà míì wà. Tẹ́ ẹ bá ní mọ̀lẹ́bí gidi ní Jámánì tó ń ríṣẹ́ ṣe, ó lè lọ fọwọ́ sí ìwé ní ọfíìsì àjèjì ìlú ẹ̀ pé òun á dúró fún ọmọ yẹn, Verpflichtungserklärung ni, kí onítọ̀hún mọ̀ pé òun ló máa san án o, tọ́rọ̀ bá yíwọ́. Sikọ́láṣíìpù DAAD, àjọ Jámánì tó ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, náà wà, kó máa wo àkókò wọn. Ó sì lè bẹ yunifásítì kí wọ́n sún admission ẹ̀ síwájú, àwọn kan ń gbà, kẹ́ ẹ fi ọdún yẹn kó owó jọ láàárín ẹbí àti kọpuretí, kó sì fi kọ́ èdè. Ẹ má gbọ́ ti ẹni tó bá ní kíláàsì ẹ̀ máa jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, pé kò nílò Jámánì. Kíláàsì ni Gẹ̀ẹ́sì, onílé ẹ̀ kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ló sì máa ní oṣù 18 láti wá iṣẹ́ tó bá parí ẹ̀kọ́, ẹni tó gbédè ló máa ń tètè rí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ọmọ Òkè-Oòyè ni mí n'Íléṣà, Dortmund ni mo wà báyìí. Wọ́n ń yọ owó kan nínú owó oṣù mi, wọ́n kọ KiSt sí i, ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní owó ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ṣọ́ọ̀ṣì wo? CAC ni mo wà látì kékeré, mo sì ń san ìdámẹ́wàá mi. Lẹ́tà kan tún ń wá ṣáá pé kí n san owó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, mi ò ní tẹlifíṣọ̀n, mo ń kó wọn sínú dúrọ́ọ̀." (Ọmọ Iléṣà ní Dortmund)

Òkè-Oòyè, ibi tí ìsọjí 1930 ti ṣẹlẹ̀! O ò lè jẹ́ nǹkan míì ju CAC náà lọ. Wò ó, àbúrò, nígbà tó o lọ fi àdírẹ́sì ẹ sílẹ̀ ní ọfíìsì ìlú, Anmeldung yẹn, èyí tó yẹ kéèyàn ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó bá kó wọlé, ibì kan wà nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n ti bi ẹ́ lẹ́sìn. Ó jọ pé o kọ ohun tó mú kí wọ́n kà ẹ́ kún ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì wọn tàbí Kátólíìkì. Àwọn ìjọ yẹn ni ìjọba ń bá gba owó lọ́wọ́ ọmọ ìjọ, ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún owó orí ẹ ni ní Dortmund, ní Bavaria àti Baden-Württemberg ìdá mẹ́jọ ni. CAC ò sí nínú ẹ̀, Mùsùlùmí ò sí nínú ẹ̀. Padà lọ sí ọfíìsì yẹn, ní kí wọ́n ṣàtúnṣe, mú ìwé ìrìbọmi ẹ dání. Tí wọn ò bá gbà, ilé ẹjọ́ kékeré, Amtsgericht, ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀ pé èèyàn jáde ní ìjọ ní ìpínlẹ̀ tìẹ yẹn, 30 yúrò ni. Ẹ̀yin Kátólíìkì tó ń ka èyí, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀ o, ẹni tó bá fọwọ́ sí i pé òun jáde, ìjọ níbẹ̀ kì í fojú kékeré wò ó, ẹ bá fadá yín sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Owó rédíò wá ńkọ́? O máa san án. 18.36 yúrò ni lóṣù, ilé ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka tẹlifíṣọ̀n. Àmọ́ ilé kan, owó kan ni, tó bá jẹ́ pé ìwọ àtàwọn míì lẹ jọ ń gbé tí ẹnì kan sì ti ń san, gba nọ́ńbà ẹ̀ kó o kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn, ọ̀rọ̀ parí.

Èyí tó ká mi lára jù ni dúrọ́ọ̀ yẹn. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń ṣe ìlú ní Jámánì, lẹ́tà bébà, tó ń bọ́ sínú àpótí ẹnu ọ̀nà. Wọn ò ní pè ẹ́, wọn ò ní rán ọmọdé sí ẹ. Lẹ́tà tí ìjọba bá kọ tó ò fara mọ́, oṣù kan lo sábà máa ń ní láti kọ̀wé tako ó, tí oṣù kan bá kọjá, ohun tí wọ́n kọ ti di òfin nìyẹn, kódà kó jẹ́ àwọn ló ṣì í. Tó o bá rí àpò ìwé aláwọ̀ yẹ́lò, ṣí i lọ́jọ́ yẹn, torí olùpín lẹ́tà kọ ọjọ́ tó jù ú sílẹ̀ sára ẹ̀, ọjọ́ yẹn ni wọ́n á máa kà látorí ẹ̀, bóyá o ṣí i tàbí o ò ṣí i. Gbèsè rédíò tí wọ́n jẹ́ kó pẹ́, ó lè di pé wọ́n wá yọ ọ́ nínú àkáǹtì ẹ. Kó gbogbo lẹ́tà yẹn jáde lónìí, tò wọ́n bí ọjọ́ wọn ṣe tẹ̀ léra. Àwọn ẹgbẹ́ aláàánú bíi Caritas, Diakonie àti AWO ní ọfíìsì tí wọ́n ti ń bá àwa àjèjì ka ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, wá èyí tó wà nítòsí ẹ, mú un lọ. Kó o sì padà sí kíláàsì èdè, ìrọ̀lẹ́ méjì lọ́sẹ̀, kó o lè máa ka tìẹ fúnra ẹ.

"Ṣé ẹni tó ní páálí Jámánì lè lọ ṣiṣẹ́ ní Austria tàbí Switzerland?" (Ẹni kan ní Parakin)

Ó lè lọ ṣe àbẹ̀wò, ọjọ́ 90 láàárín ọjọ́ 180. Iṣẹ́, rárá, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń fúnni láṣẹ iṣẹ́ tiẹ̀. Switzerland tún le jù, wọ́n ní iye ẹni tí kì í ṣe ará Yúróòpù tí wọ́n ń gbà lọ́dún.

"Mo gbọ́ pé ilé kan wà ní Jámánì tí orúkọ ẹ̀ ń jẹ́ Ìwàlẹwà. Ṣé òótọ́ ni?" (Akẹ́kọ̀ọ́, OAU)

Òótọ́ ni, Iwalewahaus, Bayreuth ló wà, abẹ́ yunifásítì ibẹ̀. Ulli Beier, ọ̀mọ̀wé ọmọ Jámánì, ló dá a sílẹ̀ ní 1981, Ifẹ̀ níbí ló sì ti jẹ́ ọ̀gá Institute of African Studies kí wọ́n tó dá ibẹ̀ yẹn sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ ọnà àwọn ará wa pọ̀ níbẹ̀. Ìwọ tó ò ń ka iṣẹ́ ọnà tàbí èdè Yorùbá tó o rò pé kò sí ọ̀nà fún ẹ, wo kọ́ọ̀sì Bayreuth, wọ́n gbajúmọ̀ gan-an lórí ẹ̀kọ́ nípa Áfíríkà.

"Ọmọ mi, mo ń lọ sí Vienna lọ wẹ ọmọ fún ọmọ mi obìnrin tó fẹ́ bímọ. Oúnjẹ wo ni mo lè kó dání? Ìjẹ̀ṣà ni mí, iyán ni mo mọ̀ jẹ, ṣé mo lè gbé odó kékeré lọ? Kí ni mo tún gbọ́dọ̀ mọ̀?" (Ìyá Àgbà, Òkèṣà, Iléṣà)

Ẹ kú oríire o, Màmá! Wẹ́rẹ́ lọmọ á bọ́, tọ̀tún tòsì.

Físà àbẹ̀wò lẹ máa gbà, 90 yúrò lowó ẹ̀, ọjọ́ 90 ló sì pọ̀ jù. Ọmọ yín á lọ sí ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá àdúgbò ẹ̀ ní Vienna lọ kọ ìwé pé òun ló máa tọ́jú yín, ẹ ó sì ra ìńṣọ́ráǹsì ìrìn àjò tó lè san 30,000 yúrò tí àìsàn bá dé. Kí ọjọ́ 90 yẹn má kọjá lé yín lórí, bó ti wù kọ́mọ dùn ún gbé, torí tó bá kọjá, ó lè ṣòro kẹ́ ẹ tó tún rí físà gbà nígbà ọmọ kejì.

Ní ti oúnjẹ, Austria wà nínú EU, òfin wọn ò gba ẹran àti wàrà láti ìlú tiwa rárá. Ẹran gbígbẹ, pọ̀nmọ́, wàràkàṣì, súyà, kẹ́ ẹ fi gbogbo ẹ̀ sílé, wọ́n á gbà á ní pápákọ̀, ó sì lè ní owó ìtanràn. Ẹja gbígbẹ ni kẹ́ ẹ kó, wọ́n gbà tó 20 kílò lọ́wọ́ èèyàn kan, tẹ́ ẹ ò tiẹ̀ lè gbé tán. Gaàrí, èlùbọ́, ẹ̀gúsí lílọ̀, ata gígún, ìwọ̀nyí ò ní wàhálà. Ewé tútù àti iṣu tútù nílò ìwé ẹ̀rí pé wọn ò ní kòkòrò, ẹ má fi wọ́n dá ara yín lágara. Ẹ̀wà náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kó o: látọdún 2015 ni EU ti fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí oògùn kòkòrò dichlorvos tí wọ́n bá lára ẹ̀, ọ̀tá-píà-píà táwọn kan ń dà sí i lọ́jà yẹn. Ó yẹ kí ìyẹn ká àwa tá a wà nílé lára ju àwọn ará Yúróòpù lọ, torí àwa la ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́.

Iṣu kò ní wọ́n yín níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù àwọn aláwọ̀ dúdú wà ní Vienna, iṣu Gánà ni wọ́n sábà máa ń tà, ó gbówó lórí ṣùgbọ́n ó ṣe é gún. Odó kékeré, ẹ lè gbé e, kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ kó mọ́ kó sì gbẹ. Ohun tó kù ni aládùúgbò. Ilé alájà ni ọmọ yín ń gbé, ẹnì kan wà lábẹ́ yín tó ń gbọ́ gbogbo ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ bá gbé. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀, àriwo ò gbọ́dọ̀ sí, Sunday náà jẹ́ ọjọ́ ìdákẹ́jẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ṣọ́ọ̀bù pàápàá máa ń tì. Torí náà Sátidé lọ́sàn-án ni kẹ́ ẹ máa gúnyán, ẹ tẹ́ rọ́ọ̀gì tó nípọn tẹ́ ẹ ká lẹ́ẹ̀mejì sábẹ́ odó. Kẹ́ ẹ sì ra iṣu tó máa tó yín ní Sátidé yẹn kí ṣọ́ọ̀bù tó tì o, torí ẹ ò ní rí ọ̀kan rà mọ́ títí di Monday.